Ẹsẹ̀ Mọ́tò Ló Yẹ Kó Ṣáájú Túbò

Ẹ̀yin ará wa nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ní Òkè-Afá, ní Jakande, ní Ìsọlọ̀, ní Èjìgbò àti níbi gbogbo tí ìwé yìí ń dé, ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lóṣù yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ilẹ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ. Ọ̀rọ̀ mọ́tò ni, àti ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀dọ́ wa tó fẹ́ kí mọ́tò wọn sáré ju bí ilé-iṣẹ́ tó ṣe é ṣe fẹ́ kó sáré lọ.

Ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń jà ràn-ìn láàrin wa. Àwọn ọ̀dọ́ á gba fọ́ọ̀mù owó yíyá, wọ́n á kọ "àtúnṣe mọ́tò" sí i. Bí ìgbìmọ̀ bá bi wọ́n pé irú àtúnṣe wo, wọ́n á ní túbò ni àwọn fẹ́ fi sí ẹ́ńjìnì, àwọn sì fẹ́ kí mọ́tò náà wálẹ̀ díẹ̀ kó lè di ojú títì mú dáadáa. Àwọn àgbà kan ní kò ṣeé gbọ́ sétí, pé owó ẹgbẹ́ kì í ṣe owó ìranù. Àwọn ọ̀dọ́ náà dáhùn pé ẹni tó yá owó lọ ra aṣọ ẹbí, kò sẹ́ni tó bi í ní ìbéèrè kankan, kí ló dé tó fi jẹ́ pé mọ́tò tàwọn lẹ gbójú lé?

Èmi ò fara mọ́ ìhà méjèèjì pátápátá. Èrò tèmi ni pé kí ẹgbẹ́ yá wọn lówó, ṣùgbọ́n kí ètò orí ìwé ṣáájú owó, kí ẹsẹ̀ mọ́tò sì ṣáájú ẹ́ńjìnì. Ẹni tó bá fẹ́ túbò, kó kọ́kọ́ ra táyà, bíréèkì àti ṣọ́ọ̀kì. Ìgbà tó bá ṣe ìyẹn tán ni ká tó sọ ti túbò. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀ fún yín.

KÍ NI TÚBÒ Ń ṢE GAN-AN?

Mo fẹ́ ṣàlàyé eléyìí kó yé ẹni tí kò mọ̀ nípa mọ́tò rárá, torí pé ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń ṣe onídùúró, a ò sì kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì. Ẹ́ńjìnì ń mí bí èèyàn ni. Ó ń fa afẹ́fẹ́ sínú, ó ń pò ó mọ́ epo, púlọ́ọ̀gì á ṣáná sí i, agbára á jáde, èéfín á sì gba sàlẹ́ńsà lọ. Èéfín yẹn gbóná, ó sì ní ipá, ṣùgbọ́n inú òfo ló ń lọ. Ará Switzerland kan tó ń jẹ́ Alfred Büchi ló ronú pé kò yẹ kí ipá yẹn máa ṣòfò, ó sì gba ìwé àṣẹ lórí ọgbọ́n tó dá yìí lọ́dún 1905. Èéfín ni yóò máa yí abẹ̀bẹ̀ kékeré kan. Abẹ̀bẹ̀ kejì wà lórí ọ̀pá kan náà, òun ni yóò sì máa ti afẹ́fẹ́ sínú ẹ́ńjìnì tipátipá. Bí afẹ́fẹ́ bá pọ̀ sí i, tí epo náà sì pọ̀ sí i, agbára á pọ̀ sí i.

Ẹ wo ìṣirò rẹ̀. Gbogbo wa la mọ ìwọ̀n tí fọgánáísà fi ń wọn táyà, èyí tí wọ́n ń pè ní PSI. Afẹ́fẹ́ tó yí wa ká ní Èkó níbí, létí òkun, ìwọ̀n tirẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi 14.7. Bí túbò bá fi 7 kún un, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ìdajì kún afẹ́fẹ́ tí ẹ́ńjìnì ń fà. Ẹ́ńjìnì líítà 1.8 á wá fẹ́ máa ṣe bí ẹni pé líítà 2.7 ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ooru kì í jẹ́ kó pé tó bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń wu àwọn ọmọ wa nìyẹn, mi ò sì dá wọn lẹ́bi. Ta ni kì í wù kí mọ́tò òun gbéra?

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká rántí pé ẹ́ńjìnì tí wọn ò ṣe fún túbò, ẹrù tó ń gbé tẹ́lẹ̀ ni wọ́n wọn gbogbo ẹ̀yà ara rẹ̀ fún: písítìnì rẹ̀, gáskẹ́ẹ̀tì rẹ̀, nọ́súlù, páǹpù epo, kílọ́ọ̀ṣì, radiétọ̀. Alábàárù tó ń gbé àpò gàrí kan lójoojúmọ́, bẹ́ ẹ bá gbé àpò kan àbọ̀ lé e lórí, ó lè rìn dé ìdíkọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọrùn rẹ̀ ni yóò san án. Bí afẹ́fẹ́ bá pọ̀ tí epo kò tó o, tàbí tí ooru bá pọ̀ jù, epo á gbiná kí àsìkò rẹ̀ tó tó. Ẹ ó máa gbọ́ ko-ko-ko nínú ẹ́ńjìnì bí ẹni ń fi òòlù lu irin. Bí ẹ ò bá tètè dá a dúró, písítìnì á lu, tàbí kí gáskẹ́ẹ̀tì jó. Àwọn mẹkáníìkì á wá sọ ọ̀rọ̀ tí kò sí onímọ́tò tó fẹ́ gbọ́: "Ọ̀gá, ẹ́ńjìnì yìí ti nọ́ọ̀kì o."

Abẹ̀bẹ̀ inú túbò yẹn fúnra rẹ̀ lè yí ju ìgbà 100,000 lọ ní ìṣẹ́jú kan. Ọ́ìlì nìkan ló gbé e dúró. Ọ́ìlì tó ti dúdú, tàbí ọ́ìlì ayédèrú, á pa á. Bẹ́ ẹ bá sì sáré dé ilé, tẹ́ ẹ kàn pa ẹ́ńjìnì lójijì nígbà tí túbò ṣì ń gbóná bí ààrò, ọ́ìlì tó kù nínú rẹ̀ á jóná mọ́ ọn. Ó yẹ kẹ́ ẹ jẹ́ kó sinmi díẹ̀ kẹ́ ẹ tó pa á.

Ẹ̀KỌ́ TÍ ÀWỌN ARÁ AMẸ́RÍKÀ KỌ́

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ àwọn mẹkáníìkì ẹ̀gbẹ́ títì nìkan nìyí. Lọ́dún 1962, ilé-iṣẹ́ Oldsmobile ní Amẹ́ríkà gbé mọ́tò kan jáde tó ń jẹ́ Jetfire. Ó wà lára àwọn mọ́tò ilé méjì àkọ́kọ́ tí wọ́n tà fún ará ìlú pẹ̀lú túbò lára wọn. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ tó ṣe é mọ̀ pé ẹ́ńjìnì náà lè máa dún ko-ko-ko, ni wọ́n bá fi kẹ̀ǹ kékeré kan sí i. Omi àti ọtí methanol tí wọ́n pò pọ̀ ló wà nínú kẹ̀ǹ náà, òun ló sì ń tu ẹ́ńjìnì lára bí túbò bá ń ṣiṣẹ́. Onímọ́tò kàn ní láti máa rọ òmíràn sí i bó bá tán ni.

Kí ló ṣẹlẹ̀? Ọ̀pọ̀ onímọ́tò kò rọ ọ́. Bí kẹ̀ǹ bá gbẹ, ẹ̀rọ kan á dín agbára mọ́tò kù kó má baà bàjẹ́, wọ́n á wá máa ráhùn pé mọ́tò àwọn ò sáré mọ́. Àwọn mìíràn tilẹ̀ dá mọ́tò padà kí wọ́n yọ túbò náà kúrò. Lẹ́yìn ọdún 1963, Jetfire kò sí mọ́. Bí ilé-iṣẹ́ ńlá, tó ní onímọ̀ tó sì ní owó, bá lè rí irú èyí, kí ni ká wá sọ nípa túbò àlòkù tí a rà ní Ládípọ̀, tí a ò mọ mọ́tò tí wọ́n tú u lára rẹ̀? Mi ò sọ pé ọjà Ládípọ̀ ò dáa o. Ibẹ̀ ni gbogbo wa ń lọ, ibẹ̀ ló sì ń gba tálákà là. Ohun tí mò ń sọ ni pé túbò kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fi sí mọ́tò kó wá gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀.

Ẹ tún wá wo Èkó tiwa. Oòrùn wà níta, ìdádúró ọkọ̀ wà láti Cele títí dé Òṣòdì, eruku wà, ẹrọ̀fọ̀ wà. Afẹ́fẹ́ tí túbò bá fún pọ̀ máa ń gbóná, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń lo ohun tí wọ́n ń pè ní intercooler, tó jẹ́ radiétọ̀ fún afẹ́fẹ́. Ṣùgbọ́n bí mọ́tò ò bá rìn, atẹ́gùn wo ni yóò fẹ́ sí i? Epo náà tún ń kọ́? Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022, epo bẹntiróòlù tí methanol inú rẹ̀ kọjá ìwọ̀n wọ orílẹ̀-èdè yìí, ìjọba ní kí wọ́n kó o kúrò lọ́jà, epo sì wọ́n gógó. Kò sí nínú wa tó lè fi ojú lásán mọ èyí tó dára yàtọ̀ sí èyí tí kò dára. Ẹ́ńjìnì tí kò ní túbò lè mu epo burúkú kó wúkọ́, kó sì tún gbà. Èyí tó ní túbò lè má jí mọ́.

KÍ NÌDÍ TÍ ẸSẸ̀ FI GBỌ́DỌ̀ ṢÁÁJÚ?

Ní ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì, "ẹsẹ̀ mọ́tò" ni wọ́n ń pe gbogbo ohun tó gbé mọ́tò dúró lórí táyà: ṣọ́ọ̀kì, sípíríǹgì, búúṣì, bọ́ọ̀lù-jọ́ìǹtì àti ọ̀pá tó so wọ́n pọ̀. Orúkọ náà bá a mu. Ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn kì í bá wọn díje eré sísá.

Ìwé òfin ìrìnnà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ bí mọ́tò ṣe ń dúró lójú títì tó gbẹ. Bẹ́ ẹ bá ń sá eré máìlì 30 ní wákàtí kan, ìyẹn bíi kìlómítà 48, mítà 23 lẹ ó lò láti ìgbà tẹ́ ẹ bá rí ewu títí mọ́tò á fi dúró. Bẹ́ ẹ bá sọ eré náà di méjì, kó di máìlì 60, mítà 73 ni. Eré di méjì, ibi tẹ́ ẹ ó ti dúró ti ju ìlọ́po mẹ́ta lọ. Tí a bá sì yọ àsìkò ìrònú kúrò, tí a wo ti bíréèkì nìkan, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìlọ́po mẹ́rin: mítà 14 di mítà 55. Bíréèkì tó dára àti táyà tó dára ni wọ́n fi ṣe ìṣirò yẹn o. Bí òjò bá rọ̀ ńkọ́? Bí táyà bá ti dán bí orí apárí ńkọ́?

Ẹ wá fi ojú inú wo ọ̀nà tó gba Òkè-Afá láti Ìsọlọ̀ lọ sí Èjìgbò. Kẹ̀kẹ́ Márúwá á yà wọlé láìwẹ̀yìn, dáńfò á dúró lójijì torí èrò kan ṣoṣo, ọmọ tó ń kiri omi á ré títì kọjá. Nínú ẹ̀sìtéètì Jakande, èyí tí ìjọba Gómìnà Lateef Jakande kọ́ láàrin ọdún 1979 sí 1983, ẹnu ọ̀nà ilé ni àwọn ọmọ ti ń gbá bọ́ọ̀lù. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó bèèrè pé kí mọ́tò wa lágbára. Ohun tí wọ́n ń fẹ́ lọ́wọ́ wa ni pé kó dúró nígbà tó bá yẹ kó dúró.

Bẹ́ ẹ bá sì rò pé túbò nìkan ni ọ̀nà láti borí, ẹ rántí Peugeot 504 tí gbogbo wa mọ̀. Lọ́dún 1975 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó ní Kàdúná, ọdún yẹn gan-an ni 504 gba ipò kìíní nínú ìdíje Safari ní Kẹ́ńyà, tí Ove Andersson wà á. Ẹ́ńjìnì rẹ̀ ò ju líítà 2 lọ, kò sì ní túbò. Ẹrọ̀fọ̀, òkúta àti kòtò ló gbà kọjá fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún kìlómítà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló gbé e débẹ̀. Àwọn kan tó ní agbára jù ú lọ dé lẹ́yìn rẹ̀.

BÍ ÈTÒ NÁÀ ṢE YẸ KÓ RÍ

Ẹ̀kínní, táyà. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ táyà, lẹ́yìn lẹ́tà DOT, ẹ ó rí nọ́ńbà mẹ́rin níparí rẹ̀. Bó bá jẹ́ 2319, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Táyà tòkunbọ̀ lè ní ojú tó dára kí ara rẹ̀ sì ti gbó. Àjọ Kọ́sítọ́ọ̀mù tilẹ̀ ka táyà àlòkù ti mọ́tò kékeré mọ́ ohun tí òfin ò gbà kí wọ́n kó wọlé, síbẹ̀ ó ń bẹ lọ́jà. Ẹni tó bá fẹ́ eré kò gbọdọ̀ sún mọ́ ọn.

Ẹ̀kejì, bíréèkì. Páàdì tuntun, dísìkì tí kò tẹ̀, ọ́ìlì bíréèkì tí kò tíì pẹ́. Ọ́ìlì bíréèkì máa ń fa omi mọ́ra bó bá ń pẹ́. Lọ́jọ́ tí bíréèkì bá gbóná, omi yẹn á hó, ẹsẹ̀ yín á tẹ bíréèkì dé ilẹ̀, kò ní mú nǹkan kan. Owó páàdì àti ọ́ìlì yìí kéré sí ti túbò lọ́nà jíjìn.

Ẹ̀kẹta, ṣọ́ọ̀kì àti sípíríǹgì. Ẹ tẹ igun mọ́tò kan mọ́lẹ̀, kẹ́ ẹ fi í sílẹ̀. Bó bá gòkè tó sì dúró, ó dáa. Bó bá ń jó lọ sókè sódò lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta, ṣọ́ọ̀kì yẹn ti kú. Méjì méjì ni kẹ́ ẹ máa pààrọ̀ wọn, ọ̀tún pẹ̀lú òsì. Kẹ́ ẹ wo búúṣì àti bọ́ọ̀lù-jọ́ìǹtì, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ lọ ṣe aláímẹ́ǹtì.

Níbi tí a dé yìí, mo ní ọ̀rọ̀ kan fún àwọn tó ń gé sípíríǹgì kí mọ́tò lè wálẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jáwọ́. Sípíríǹgì tí ẹ gé ti le ju bó ṣe yẹ lọ fún ṣọ́ọ̀kì tó wà níbẹ̀, kò sì ní àyè láti rìn mọ́. Bó bá bọ́ sí kòtò, ara mọ́tò ni yóò gba ìpalára náà. Bọ́m̀pù inú ẹ̀sìtéètì á máa ha abẹ́ mọ́tò, ọjọ́ tó bá sì lu ibi tí ọ́ìlì ẹ́ńjìnì wà, ẹ́ńjìnì tẹ́ ẹ náwó lé lórí ti lọ nìyẹn. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ kó wálẹ̀ díẹ̀, ẹ ra sípíríǹgì àti ṣọ́ọ̀kì tí wọ́n ṣe fún ara wọn, kẹ́ ẹ má sì jẹ́ kó wálẹ̀ ju ohun tí ọ̀nà tiwa lè gbà lọ. Mọ́tò tí kò lè wọ àdúgbò yín lásìkò òjò, iṣẹ́ wo ló fẹ́ bá yín ṣe?

Ẹ̀kẹrin, ìlera ẹ́ńjìnì. Kí mẹkáníìkì wọn ìtẹ̀ afẹ́fẹ́ inú sìlíńdà kọ̀ọ̀kan. Bí ọ̀kan bá rẹlẹ̀ ju ìyókù lọ, tàbí tí ẹ́ńjìnì bá ń mu ọ́ìlì, tàbí tí radiétọ̀ bá ń jò, ẹ tún ìyẹn ṣe, kẹ́ ẹ gbàgbé túbò ná. Túbò kì í wo ẹ́ńjìnì tó ń ṣàìsàn sàn.

Ẹ̀karùn-ún ni túbò tó kàn. Kò gbọdọ̀ dá nìkan wá. Intercooler gbọ́dọ̀ bá a wá, àti nọ́súlù tó tóbi sí i, páǹpù epo, kílọ́ọ̀ṣì tó lè gbà á, ọ̀pá ọ́ìlì tó ń lọ sínú rẹ̀ tó sì ń bọ̀, àti aago tí ẹ ó máa fi wo bí epo àti afẹ́fẹ́ ṣe ń pò. Lẹ́yìn náà, ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe gbọ́dọ̀ tún bíréènì-bọ́ọ̀sì tò, nítorí ohun tí ilé-iṣẹ́ kọ sínú rẹ̀ kò mọ túbò rí. Kẹ́ ẹ sì bẹ̀rẹ̀ láti ìwọ̀n kékeré. Ẹni tó fi PSI 5 tàbí 6 wa mọ́tò rẹ̀ fún ọdún mẹ́ta ti jèrè ju ẹni tó fi 15 wà á fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ.

Bí gbogbo èyí bá ti pọ̀ jù lójú yín, ọ̀nà mìíràn wà. Ẹ ra mọ́tò tí ilé-iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ti fi túbò sí. Volkswagen ní ẹ́ńjìnì líítà 1.8 kan tó ní túbò, tí wọ́n fi sínú Golf 4, Passat àti Audi A4, tí agbára èyí tó wọ́pọ̀ jẹ́ ẹṣin 150. Písítìnì rẹ̀, ọ́ìlì rẹ̀ àti bíréènì-bọ́ọ̀sì rẹ̀ ti mọ ara wọn láti ilé-iṣẹ́. Ó fẹ́ ọ́ìlì sintẹ́tíìkì tó dára, kò sì fẹ́ kí wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó pààrọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n lójú tèmi, ó dín wàhálà kù ju kí èèyàn máa wá ẹ̀yà túbò kiri ní ẹyọ ẹyọ.

Ní ti owó, ìmọ̀ràn tèmi rèé. Nínú gbogbo 100 náírà tẹ́ ẹ bá ní fún iṣẹ́ yìí, kí 40 lọ sí táyà, bíréèkì àti ẹsẹ̀. Kí 40 lọ sí túbò àti àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀. Kí 20 jókòó sílé fún ohun tí ẹnikẹ́ni ò rò tẹ́lẹ̀, torí pé kò sí bí kò ṣe ní yọjú. Kẹ́ ẹ sì rántí owó epo. Nígbà tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ epo ní oṣù Èbìbí ọdún 2023, iye líítà kan fò láti ohun tí kò tó 200 náírà dé nǹkan bíi 500 láàrin ọjọ́ díẹ̀. Mọ́tò tó bá ń mí púpọ̀, ó ń mu púpọ̀.

ÒFIN ŃKỌ́?

Ìwọ̀n eré tí Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó, FRSC, fọwọ́ sí fún mọ́tò ilé ni kìlómítà 50 ní wákàtí kan láàrin ìlú, àti 100 lórí ọ̀nà márosẹ̀ ńlá. Túbò kò yí ìyẹn padà. Bẹ́ ẹ bá pààrọ̀ ẹ́ńjìnì, nọ́ńbà rẹ̀ gbọ́dọ̀ bá ìwé mọ́tò mu. Ẹ sì sọ fún ilé-iṣẹ́ adójútòfò pé ẹ ti yí mọ́tò padà, kí wọ́n má baà rí ohun sọ lọ́jọ́ ìṣòro. Láti oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2023, 15,000 náírà ni ìwé ìdójútòfò tó kéré jù fún mọ́tò ilé. Mílíọ̀nù 3 náírà ló sì lè san mọ lórí ohun ìní ẹlòmíràn tẹ́ ẹ bá bà jẹ́. Kò ní san kọ́bọ̀ lórí mọ́tò tiyín tàbí túbò tiyín.

OHUN TÍ MO FẸ́ KÍ ẸGBẸ́ ṢE

Àwọn ọ̀dọ́ á ní, "Owó wa ni." Ẹ dákun, kì í ṣe owó yín nìkan. Owó tí ẹgbẹ́ ń yá yín, ìyá aláta ló dá a lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, bàbá tó ti fẹ̀yìn tì ló yọ ọ́ nínú owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀. Bí mọ́tò bá wọ gọ́tà, àwọn onídùúró méjì tó fọwọ́ sí ìwé yín ni akọ̀wé máa ké sí. Púpọ̀ nínú yín ló sì ń fi mọ́tò yẹn kan náà ṣe Bolt tàbí Uber láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì. Bí ẹ́ńjìnì bá nọ́ọ̀kì, owó oúnjẹ dúró, owó ẹgbẹ́ náà sì dúró.

Àwọn mìíràn á ní, "Ọ̀rẹ́ mi kan fi túbò sí tirẹ̀, kò sì sí nǹkan kan tó ṣe é." Inú mi dùn fún un. Ẹ bi í bóyá ó pààrọ̀ bíréèkì rẹ̀. Bó bá ti pààrọ̀ rẹ̀, ohun tí mò ń wí ló ṣe yẹn. Bí kò bá tíì ṣe é, kò tíì pàdé ọmọ tó ń kiri omi ni.

Fún ẹ̀yin àgbà ẹgbẹ́ náà, mo bẹ̀ yín. Bẹ́ ẹ bá kọ̀ jálẹ̀, àwọn ọmọ yìí á lọ yá owó èlé gọbọi lórí fóònù, wọ́n á sì ra túbò láìra bíréèkì. Nígbà náà, a ò ní lẹ́nu ọ̀rọ̀ níbẹ̀ mọ́. Ó sàn kí wọ́n yá a lọ́dọ̀ wa, ká lè bá wọn sọ̀rọ̀. Ìgbà tí igi gogoro ṣì wà lókèèrè la ti ń wò ó.

Nítorí náà, mo dá a lábàá pé ní ìpàdé gbogboogbò tó ń bọ̀, kí a fọwọ́ sí ohun mẹ́rin yìí:

1. Kí ẹni tó bá fẹ́ yá owó fún irú iṣẹ́ yìí mú ìwé ètò wá, pẹ̀lú iye owó ohun kọ̀ọ̀kan àti owó iṣẹ́ mẹkáníìkì àti rẹ́wáyà.

2. Kí àwọn onídùúró ka ìwé ètò náà kí wọ́n sì fọwọ́ sí i, kó má jẹ́ iye owó nìkan ni wọ́n ń fọwọ́ sí.

3. Kí a pín owó náà sí méjì. Ti ẹsẹ̀, bíréèkì àti táyà ni kó ṣáájú. Bó bá mú rìsíìtì wá, tí ẹnì kan nínú wa tó mọ mọ́tò sì yẹ̀ ẹ́ wò, kí a tó fún un ní ti ẹ́ńjìnì.

4. Bó bá jẹ́ mọ́tò yẹn ló fi ń wá oúnjẹ, kó ní ìfowópamọ́ tó lè san owó oṣù mẹ́ta padà fún ẹgbẹ́ bí mọ́tò bá tilẹ̀ dúró.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní eléyìí ti le jù. Àwọn kan á sì ní ó ti rọ̀ jù. Ẹ wá sọ ọ́ ní ìpàdé, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ ti ń dára. Ọ̀dọ́ tó bá ti fi owó àkọ́kọ́ tún ẹsẹ̀ mọ́tò rẹ̀ ṣe, tó wà á fún oṣù méjì, á rí i pé mọ́tò náà ti yàtọ̀: ó ń yí kọ́nà láìmì, ó ń dúró níbi tí wọ́n bá ní kó dúró. Bó bá wá ní òun ṣì fẹ́ túbò, kó wá gba ìdajì owó tó kù. Èmi fúnra mi á fọwọ́ sí i gẹ́gẹ́ bí onídùúró.

Ọlọ́run á máa ṣọ́ wa lójú pópó. Ẹgbẹ́ wa ò ní dàrú o. Ire o.